Ìgbà Wo Ni Ó Tọ́ Kí Á Pààrọ̀ Fóònù?

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ owó yíyá nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó. Ohun náà ni fóònù. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò sì ń bi wá léèrè pé: ṣé kí àwọn fọwọ́ sí i ni, àbí kí àwọn dá a padà?

A kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Nígbà tí fóònù alágbèéká ti GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ohun tí a ń fi í ṣe kò ju pé kí á pe ènìyàn, kí ènìyàn sì pè wá. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ lè rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ni aránṣọ ti ń fi àwòrán aṣọ han oníbàárà rẹ̀. Orí rẹ̀ ni tíṣà ti ń rí i pé owó oṣù ti wọlé. Orí rẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹrù nígboro kí ó tó kó tirẹ̀ sọ́kọ̀. Nítorí náà a kò lè pè é ní ohun afẹ́ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sẹ́ pé owó púpọ̀ ń bá fóònù lọ, tí kì í ṣe nítorí pé ti ọwọ́ ẹni bàjẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ti aládùúgbò jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì hàn, kí olúkúlùkù lè ti bi ara rẹ̀ léèrè, kí ó sì ti dá ara rẹ̀ lóhùn, kí ó tó dé iwájú ìgbìmọ̀.

ÀṢÌṢE MÉJÌ TÍ ÀWA FÚNRA WA ṢE

Kí á tó kọ́ ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́, ó dára kí á jẹ́wọ́ tiwa. Fóònù kan wà ní ọ́fíìsì wa tí akápò fi ń ṣe iṣẹ́ owó, tí akọ̀wé sì fi ń gba iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bá rán sí wa. Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì ń falẹ̀ bí ìgbín. A pe ìpàdé lé e lórí, a ní ó ti darúgbó, a ra tuntun. A fi ti àtijọ́ ta òjíṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́rẹ. Òjíṣẹ́ yìí gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún fóònù ṣe, wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kò sì gbà ju wákàtí kan lọ. Fóònù tí a pè ní òkú jí dìde, ọdún méjì gbáko ni ó sì fi lò ó lẹ́yìn náà. Owó tí a ná sórí tuntun, owó ẹgbẹ́ ni.

Ìtìjú èyí ni ó mú kí á ṣe àṣìṣe kejì. A ní a kò ní pààrọ̀ èyí tí a rà yìí títí tí yóò fi wó lulẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti ṣíwọ́ fífi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, a kò bìkítà, níwọ̀n ìgbà tí a ṣì ń fi í pe ènìyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó yẹ kí á san owó ẹ̀yáwó, áàpù báńkì kọ̀ láti ṣí. Ohun tí ó kọ sójú ni pé fóònù náà ti pẹ́ jù fún òun. Àwọn ènìyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, akápò sáré lọ sí báńkì, ó tò sẹ́yìn èrò, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ó tó parí. Ìyá kan wà nínú àwọn tí ó jókòó. Ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ ọjà tí ó ti ń ra èlùbọ́, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún sì ni. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn kí ó tó rí nǹkan rà.

Nínú àṣìṣe kìíní, a tètè pààrọ̀, owó ẹgbẹ́ sì bá a lọ. Nínú èkejì, a pẹ́ kí á tó pààrọ̀, oúnjẹ ọmọ ẹgbẹ́ sì bá a lọ. Láti inú méjèèjì ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: ọjọ́ orí fóònù kọ́ ni kí á máa wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí ó ti ń dán. Iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ni kí á wò, àti ohun tí ó ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ bá jẹ́ èyí tí a lè tún ṣe, kí á tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, kí á má fi àkókò ṣòfò.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ń SỌ FÓÒNÙ DI ARÚGBÓ

1. Bátìrì. Nínú bátìrì fóònù òde òní, èròjà kan wà tí à ń pè ní lítíọ́ọ̀mù. Bí a bá ń gba iná sí i, èròjà yìí ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì; bí a bá ń lò ó, ó ń rìn padà. Àlọ àti àbọ̀ yìí ni ó ń jẹ bátìrì lára díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ń jẹ ẹnu ọkọ́. Iye ìgbà tí a bá gba iná kún un láti òfo dé 100 ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá gba 50 lónìí, tí a tún gba 50 lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a kà á.

Apple, tí ń ṣe iPhone, sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣe kí ó lè di 80 mú nínú 100 lẹ́yìn tí a bá ti gba iná kún un ní ìgbà 500. Ti iPhone 15, tí ó jáde ní ọdún 2023, jẹ́ ìgbà 1,000. Ẹni tí ó bá ń gba iná kún fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò pé ìgbà 500 láàárín ọdún kan àti oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí fóònù ọlọ́dún méjì bá ń tètè kú, kì í ṣe ohun ìyanu, kò sì túmọ̀ sí pé fóònù náà ti parí. Bátìrì rẹ̀ ni ó ti lo ìgbà tirẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2017 tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ti fi ètò kan sínú àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó, èyí tí ń mú kí wọ́n máa falẹ̀, kí wọ́n má bàa máa kú lójijì. Ariwo ta. Ilé-iṣẹ́ náà dín owó ìpààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 títí di òpin ọdún 2018. Ẹni tí ó pààrọ̀ bátìrì rí i pé fóònù rẹ̀ tún yára. Ẹ wo iye ènìyàn tí yóò ti ra tuntun kí òtítọ́ tó jáde!

Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Kí á má máa gba iná sí fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, kí á má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, kí á má sì máa lo ṣájà gbàǹjo tí ń gbóná fòò. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yìn fóònù ń wú, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má sì gba iná sí i mọ́. Bátìrì tí ó wú lè gbiná. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ààyè ìpamọ́. Fóònù dà bí àká. Bí àká bá kún dé òrùlé, ẹni tí ó fẹ́ mú iṣu kan yóò kọ́kọ́ ṣí mẹ́wàá nípò. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí ó kún ṣe ń falẹ̀. Ohun tí ó sì ń kún un kì í ṣe iṣẹ́ wa. Àwòrán ìkíni àárọ̀, fídíò ẹ̀fẹ̀ àti ìwàásù tí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé fóònù òun ti darúgbó, kí ó jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, kí ó pa ohun tí kò ní lárí rẹ́, kí ó yọ áàpù tí kò lò fún oṣù mẹ́fà kúrò, kí ó sì sọ fún WhatsApp kí ó má máa fi fídíò pamọ́ fúnra rẹ̀. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀.

3. Àtúnṣe ààbò. Èyí ni ó le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun sì ni a kì í rí lójú. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní ihò níbì kan. Àwọn olè ń wá ihò yìí lójoojúmọ́, àwọn tí ó ṣe fóònù sì ń dí i bí wọ́n bá ti rí i. Láti ọdún 2015 ni Google ti ń gbé àtúnṣe ààbò ti Android jáde déédéé, kí àwọn tí ń ṣe fóònù lè fi ránṣẹ́ sí wa. Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ṣíwọ́, ihò tí olè bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò wà ní ṣíṣí títí láé. Fóònù yóò máa dún, yóò máa tàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kò sì sí ẹni tí ń tún fóònù ṣe ní ọjà tí ó lè bá wa tún èyí ṣe.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn áàpù pẹ̀lú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fóònù náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp ṣíwọ́ bíbá fóònù tí Android rẹ̀ kò tó 5.0 ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó kan iPhone 5s, iPhone 6 àti iPhone 6 Plus, tí wọ́n jáde ní ọdún 2013 àti 2014. Àwọn báńkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì mú wa lọ́jọ́ tí a sọ lókè.

Láti mọ ipò tí fóònù yín wà, ẹ wọ "Settings", ẹ lọ sí "About phone", kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Security update" sí. Ẹ ó rí ọjọ́ kan níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá ti ju ọdún kan lọ, tí ẹ sì ti wò ó bóyá àtúnṣe kan wà tí ẹ kò gbà, tí kò sí, ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ti kẹ̀yìn sí fóònù náà.

4. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù tí kò lè gba 4G yóò máa falẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Ní ti 5G, MTN bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi gbogbo. Bí kò bá tíì dé àdúgbò tí ẹ ń gbé tàbí ibi tí ẹ ti ń ṣòwò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tìtorí 5G nìkan ta fóònù fún yín. Fóònù 4G tí ó dára ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a ti kà sílẹ̀ yìí.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ Á TÓ PINNU

Ẹni tí ó bá ń rò ó láti pààrọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí.

(a) Ṣé áàpù tí mo fi ń rí oúnjẹ jẹ, tàbí ti báńkì mi, ti kọ fóònù yìí, tàbí ti kìlọ̀ pé òun máa tó kọ̀ ọ́?

(b) Ṣé àtúnṣe ààbò rẹ̀ ti dúró, nígbà tí owó mi sì wà nínú rẹ̀?

(d) Ṣé mo ti pààrọ̀ bátìrì, tí mo ti gbá inú rẹ̀ mọ́, tí kò sì tún lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan?

(e) Ṣé owó àtúnṣe tí wọ́n bù fún mi ti sún mọ́ ìdajì owó èyí tí ó dára ju u lọ?

Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àkókò ti tó láti máa wá òmíràn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbogbo rẹ̀, ẹ dì í mú. Gíláàsì ojú tí ó fọ́, ihò ṣájà tí ó dẹ̀, agbohùnsókè tí kò dún mọ́: gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè tún ṣe. Wọn kì í ṣe ìdí láti yá owó.

BÍ A Ó TI YAN TUNTUN

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ tí fóònù yóò ṣe sínú ìwé kí ẹ tó wọ ọjà, kí ẹnu ọlọ́jà má bàa yí yín lérò padà. Ẹni tí ń ta aṣọ tí ó sì ń ya àwòrán ọjà rẹ̀ nílò kámẹ́rà tí ó mọ́. Ẹni tí ó wà lóko tàbí lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ dé alẹ́ nílò bátìrì ńlá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ìwé nílò ààyè ìpamọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò kámẹ́rà mẹ́rin lẹ́yìn fóònù nítorí pé wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Kámẹ́rà kan tí ó dára sàn ju mẹ́rin tí ó ń ríran bàìbàì.

Ní ti ààyè, a gbà yín nímọ̀ràn pé kí ó má dín sí 128 GB. Ètò tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ yóò ti gbà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, áàpù sì ń tóbi sí i lọ́dọọdún.

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà kì í béèrè ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: "Ọdún mélòó ni ilé-iṣẹ́ yóò fi máa ṣe àtúnṣe ààbò fún un?" Ìdáhùn yàtọ̀ síra gan-an. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 tí ó jáde ní ọdún 2023. Samsung ṣèlérí ọdún 7 fún Galaxy S24 ní ọdún 2024. Ní ọdún náà kan náà, ó ṣèlérí ọdún 6 fún Galaxy A16, tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti S24. Nínú àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ni kì í kọjá ọdún méjì, òmíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe fóònù tí ó wọ́n jù nìkan ni ó ń pẹ́. Ẹ wá ìdáhùn nípa èyí tí ẹ fẹ́ rà gan-an. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí irú fóònù náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Fóònù tí ó ti wà ní ìsọ̀ fún ọdún méjì ti jẹ ọdún méjì nínú tiyín.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà nítòsí. Èyí ni ohun rere tí ó wà lára Tecno, Infinix àti itel, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ní Ṣáínà, Transsion, ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bátìrì àti gíláàsì wọn kò ṣòro rí nígboro wa. Ẹ fi èyí àti iye ọdún àtúnṣe sórí òṣùwọ̀n kan náà, kí ẹ wo èyí tí ó wúwo jù fún iṣẹ́ yín.

TÒKUNBỌ̀ ŃKỌ́?

Tòkunbọ̀ tí ó dára lè sàn ju tuntun tí kò nílááirí. Ṣùgbọ́n ojú ní láti là. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oní-15 kan yóò jáde, tí à ń pè ní IMEI. Ó gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà lára páálí àti èyí tí ó wà nínú "Settings" mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á, nítorí ó lè jẹ́ ẹrù olè.

Bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ rí i dájú pé ẹni tí ó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ti jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni Apple ti fi àgádágodo kan sí i, débi pé ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ti olóhun àkọ́kọ́ kò ní lè lò ó. Ẹ tún wo ìlera bátìrì rẹ̀ nínú "Settings". Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ sí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi owó bátìrì tuntun kún iye tí ẹ fẹ́ san.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń fi fóònù ránṣẹ́ sílé, a sì dúpẹ́. Kí ẹ sọ fún àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dè é mọ́ ara wọn. Fóònù tí a dè kò ní gba síìmù tiwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti de àwọn ilé-iṣẹ́ náà láti òpin ọdún 2021 pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta irú fóònù bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rà ṣáájú ìgbà náà ṣì lè wà ní dídè.

Kí ẹ fi síìmù yín sí i, kí ẹ pe ènìyàn, kí ẹ ya àwòrán, kí ẹ gba iná sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ọjà tí kò ní rìsíìtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni fóònù wa ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Nígbà tí Nàìjíríà jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦470 ní báńkì di ohun tí ó kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Owó oṣù àti èrè ọjà wa kò fò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdún kan tí a bá fi kún ọjọ́ ayé fóònù fi níye lórí ju ti ìgbà kan rí lọ.

Kí á má ṣe wo iye tí ọlọ́jà pè nìkan. Kí á fi iye ọdún tí yóò fi sìn wá pín in. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà. Fóònù kan jẹ́ ₦150,000, yóò sì sìn fún ọdún 2: ₦75,000 ni ọdún kan. Òmíràn jẹ́ ₦240,000, yóò sìn fún ọdún 5, a ó sì fi ₦15,000 pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦255,000, ìyẹn ₦51,000 lọ́dún. Ẹ̀kẹta jẹ́ ₦900,000, yóò sìn fún ọdún 6: ₦150,000 lọ́dún. Èyí tí ó dà bí ẹni pé ó pọ̀ níye, òun gan-an kọ́ ni ó wọ́n nínú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè san án padà.

Wàyí o, ẹ̀yáwó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá ₦240,000, tí yóò san án fún oṣù 10, tí èlé sì jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí ohun tí ó kù, èlé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦13,200. Èlé yìí kọ́ ni ìnira rẹ̀. Ìnira rẹ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó jẹ gbèsè kan kò lè gba òmíràn títí yóò fi san án tán. Bí òjò bá rọ̀ tí àkókò ajílẹ̀ dé, bí ilé-ìwé bá wọlé, bí ẹ̀rọ ìlọta bá bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà ti tì. Bí kò bá sì lè san, àwọn onídùúró rẹ̀ ni a ó yọ ọ́ lára owó wọn. A ti rí i tí ọ̀rẹ́ ogún ọdún di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́ nítorí irú èyí. Fóònù náà ti fọ́, ọ̀rẹ́ náà ti fọ́, gbèsè nìkan ni ó ṣì wà lódindi.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìgbìmọ̀ nìyí. Bí fóònù bá jẹ́ irinṣẹ́ tí ń mówó wọlé, tí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rin wa sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á sí irinṣẹ́ bí ẹ ti ń ka ẹ̀rọ ìránṣọ sí, ẹ fọwọ́ sí iye tí iṣẹ́ náà gbà. Bí ó bá jẹ́ ti ojú ayé, ẹ fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ dá a padà.

Ọ̀nà tí ó sì dára ju ẹ̀yáwó lọ wà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ra fóònù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ₦5,000 sí i lóṣù yóò ti ní ₦240,000 láàárín ọdún mẹ́rin. Bí ọjà bá sì ti gbówó lé e nígbà náà, ìwọ̀nba ni yóò fi kún un, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

KÍ Á TÓ FI TI ÀTIJỌ́ SÍLẸ̀

Bí àkókò ìpààrọ̀ bá tó, kí á má fi ìkánjú ṣe é. Ẹ rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín ti dé orí tuntun, àti àwòrán tí ẹ kò fẹ́ pàdánù. Ẹ ṣí áàpù báńkì lórí tuntun kí ẹ sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Google tàbí ti Apple lórí ti àtijọ́, kí ẹ yọ síìmù àti káàdì ìpamọ́, kí ẹ sì nu gbogbo inú rẹ̀ nù pátápátá láti inú "Settings". Ìgbà náà ni ẹ lè tà á tàbí kí ẹ fún ọmọ. Ẹni tí ó ta fóònù láì nù ún ti ta kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ọn. Bí kò bá sì ní àtúnṣe ààbò mọ́, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fún pé kí ó má fi owó pamọ́ sórí rẹ̀; ó ṣì wúlò fún rédíò, orin àti iṣẹ́ ilé-ìwé.

Àwọn baba wa tí ó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa, kí òfin ẹgbẹ́ ti ọdún 1935 tó jáde pàápàá, kọ́ bí a ti ń tọ́jú kòkó kí ó lè dára, wọ́n sì kó o jọ láti tà á pọ̀, kí ẹnu oníṣòwò nìkan má bàa jẹ́ òṣùwọ̀n ohun tí wọ́n ní. Ẹ̀kọ́ kan náà ni a ń tọ́ka sí lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà jẹ́ òṣùwọ̀n yín. Lálẹ́ òní, ẹ ṣí "Settings", ẹ wo ọjọ́ àtúnṣe ààbò fóònù yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ohun tí wọ́n rí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù tí owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àjẹṣẹ́kù wa kò ní bàjẹ́ o.